Igi padauk tí mo fi ṣe tábìlì ti ṣú, àfi ibi tí ìkòkò òdòdó jókòó sí

ÌyáÀpótí:

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ pákó, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, torí ó ti fẹ́ di ẹjọ́.

Mo kan tábìlì kan fún oníbàárà mi. Padauk ni mo fi ṣe ojú rẹ̀, mo wá fi igi purpleheart tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọnà yí etí rẹ̀ ká. Lọ́jọ́ tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn, ojú tábìlì náà pupa yòò, àwọn tó rí i ń bi mí bóyá mo po nǹkan mọ́ fáníìṣì rẹ̀ ni. Mi ò po nǹkan kan mọ́ ọn. Fáníìṣì olómi ni mo fi kùn ún, èyí tí kì í mú igi pọ́n.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé onígíláàsì ńlá ni wọ́n gbé e sí. Wọ́n gbé ìkòkò òdòdó kan lé e láàárín, ìkòkò yẹn ò sì kúrò níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àfi ìgbà tí wọ́n gbé e, tí wọ́n bá òbìrìkìtì kan lábẹ́ rẹ̀ tó ṣì pupa bí ọjọ́ tí mo parí iṣẹ́, tí gbogbo ibi tó kù sì ti ṣú, tó ti di pupa rúsúrúsú. Etí òbìrìkìtì náà mú débi pé èèyàn lè fi pẹ́ńsù tẹ̀ lé e. Mo fọwọ́ pa á, kò sí gegele kankan, fáníìṣì ibẹ̀ dán, ó sì dọ́gba pẹ̀lú ti ibi tó kù. Àwọ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Oníbàárà ní igi lásán ni mo kùn ní pupa tí mo pè ní padauk. Wọ́n ní igi gidi kì í pàwọ̀ dà, kí n wá dá owó wọn padà.

Ohun tó tún wá dà mí lọ́kàn rú ni purpleheart tó wà létí rẹ̀. Nígbà tí mo là á, àwọ̀ eérú tó dà pọ̀ mọ́ rúsúrúsú ló ní, kò wu èèyàn rárá. Ní báyìí, ó ti di elésèé àlùkò tó rẹwà. Ìmọ́lẹ̀ kan náà ló ń bọ́ sórí àwọn méjèèjì. Kí ló dé tí ọ̀kan ń ṣú tí èkejì ń dára sí i?

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: ṣé ìtànṣán UV ló fa èyí, nígbà tó jẹ́ pé wọ́n ní gíláàsì fèrèsé máa ń dí i? Ṣé fáníìṣì kan wà tó lè dá a dúró? Ṣé ọgbọ́n kan sì wà tí mo lè dá kí òbìrìkìtì yẹn bá ibi tó kù dọ́gba, láìjẹ́ pé mo fá gbogbo ojú tábìlì?

ỌmọAláyùn:

Afẹ́fẹ́ ni jàre. Igi tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i, ṣíṣú ló máa ṣú. Ìkòkò yẹn ló dí afẹ́fẹ́ lọ́nà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi gírámà UV dà yín láàmú, mà.

DídánNiTèmi:

Àǹtí, ẹ lọ ra fáníìṣì tí wọ́n kọ UV sí lára agolo rẹ̀, ẹ fá ojú tábìlì, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi kì í lo òmíràn mọ́.

ÀgbàAfági:

Àbúrò mi, má tíì dá owó ẹnikẹ́ni padà. Lọ sọ́dọ̀ wọn, kí ẹ jọ dojú tábìlì náà délẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni kó o fi hàn wọ́n. Pupa tó wà níbẹ̀ á ṣì mọ́ ju ti òkè lọ dáadáa, torí ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé abẹ́ tábìlì. Tí wọn ò bá tíì gbà, wá irin tí a fi ń ha pákó, kó mú dáadáa, ha ibi kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí oòrùn ti ń dé àmọ́ tí ojú kì í tètè lọ síbẹ̀. Gbé èépá tó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Ojú rẹ̀ kan á ṣú, o yí i padà, ojú kejì á pupa yòò. Igi tí wọ́n kùn ní pupa kì í pupa nínú ju ìta lọ. Kí oníbàárà fi ojú ara rẹ̀ rí ìyẹn, ẹjọ́ parí.

Abẹ́ tábìlì yẹn náà ló máa dá ỌmọAláyùn lóhùn. Ṣé afẹ́fẹ́ kì í dé abẹ́ tábìlì ni? Ó ń dé ibẹ̀ tọ̀sán-tòru. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ni, òkè àti ìsàlẹ̀ ì bá ti jọ ṣú pọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé irọ́ pátápátá ló pa, torí oxygen inú afẹ́fẹ́ ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 400 nánómítà títí dé 700 (nánómítà ni a fi ń wọn gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀). UV wà nísàlẹ̀ 400. Èyí tó ń ti ara oòrùn délẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní bíi 295. Ozone òkè ọ̀hún ti gba èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń kúrú sí ni agbára rẹ̀ ń le sí, agbára UV sì le débi pé ó lè já ohun tó so átọ́ọ̀mù kan mọ́ èkejì nínú igi.

Nínú igi, lignin ló ń jẹ ìyà yìí jù. Òun ló di àwọn fọ́nrán igi mọ́ra wọn, ó sì tó nǹkan bí 20 sí 30 nínú ìdá 100 ìwúwo igi. Cellulose, èròjà tí fọ́nrán igi fúnra rẹ̀ fi ṣe, pọ̀ jù ú lọ nínú igi, ṣùgbọ́n cellulose ò fi bẹ́ẹ̀ mu UV. Lignin ló ń mu ún. Tó bá ti mu ún, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, oxygen á so mọ́ ojú ibi tó já, ibẹ̀ sì ni àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní quinone ti ń jáde. Wọ́n pọ́n, wọ́n sì ń ṣú bí wọ́n ṣe ń pọ̀. Ìdí nìyẹn tí igi tó funfun bí arère fi máa ń pọ́n tó bá ti pẹ́ lójú ìmọ́lẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò ní àwọ̀ kankan tó ṣe gúnmọ́ tẹ́lẹ̀.

Ti padauk ju lignin lọ. Ìdílé Pterocarpus ló ti wá, ìdílé kan náà pẹ̀lú igi osùn, pupa inú rẹ̀ sì ń wá láti ara àwọn èròjà tó ń jẹ́ santalin, tí igi ti kó pamọ́ sí àárín ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń ba santalin jẹ́ ní tirẹ̀, kò sì dúró de UV nìkan. Ìmọ́lẹ̀ búlúù àti ti àlùkò tí a ń fojú rí náà ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn, òun ló máa dá ìbéèrè rẹ lórí gíláàsì àti fáníìṣì lóhùn.

Purpleheart sì ní àrà tirẹ̀. Èròjà tó máa di àlùkò wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì láwọ̀ nígbà tí ayùn kọjá. Ìmọ́lẹ̀ àti oxygen ló ń sọ ọ́ di àlùkò. Tí oòrùn bá wá ń bá a lọ, àlùkò yẹn náà ò ní dúró síbẹ̀, á máa lọ sí rúsúrúsú tó ṣú. Nítorí náà, igi rẹ méjèèjì ò ta kora wọn. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Padauk ti rìn jìnnà, purpleheart ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dára jù níbẹ̀ ni. Má bínú pé mò ń sọ èyí, àmọ́ bó bá ṣe ń pẹ́ sí i ni ọnà etí tábìlì yẹn á máa jọ ojú tábìlì sí i, tí a ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í rò rèé nígbà tí a bá ń to igi méjì pọ̀. Ojú ọjọ́ tí a ra pákó la fi ń yan àwọ̀. Èmi, ibi tí àwọ̀ máa parí sí ni mo ń wò. Mo ti rí padauk àti wenge tí wọ́n tò ní ìlà ìlà, pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, ẹwà rẹ̀ ń pa èèyàn lójú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Padauk ń ṣú, wenge tí wọ́n torí dúdú rẹ̀ rà sì ń ṣí bí oòrùn ṣe ń pa á, títí àwọn méjèèjì fi pàdé ní rúsúrúsú kan báyìí tí kò wú ẹnikẹ́ni lórí. Tó bá jẹ́ igi tó mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ padauk, arère tàbí afàrà, pípọ́n ni èyí á pọ́n, padauk á ṣú, ìyàtọ̀ wọn ò sì ní pa rẹ́.

Ìrókò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là máa ń pọ́n, àwọn kan tiẹ̀ máa ń sọ pé kì í ṣe ìrókò gidi, kó tó wá di rúsúrúsú oníwúrà. Tíìkì máa ń jáde lẹ́nu ayùn pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ ewé àti ìlà dúdú tí kò bára mu rárá. Tẹ́ ẹ sójú ìmọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tò. Mo ti rí káfíńtà tó ń da àwọ̀ lé tíìkì láti fi bo àwọn ìlà yẹn, nígbà tó jẹ́ pé oòrùn ì bá bá a ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Apá ń lọ láti àwọ̀ ọsàn tó mọ́ sí pupa rúsúrúsú. Màhógánì ló ń ṣe ojú méjì: á kọ́kọ́ ṣú, ṣùgbọ́n tí oòrùn líle bá wà lórí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, á tún ṣí, ìdí nìyẹn tí àwọn àga màhógánì àtijọ́ tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé fi máa ń mọ́ ju àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ lọ.

Ó ku òbìrìkìtì. Má fá tábìlì. Bí igi bá bọ́ sójú ìmọ́lẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ń yára yí jù, lẹ́yìn náà á máa falẹ̀. Ibi tó ti ṣú ti rìn débi tí kò yára mọ́; òbìrìkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, tó o bá kàn gbé ìkòkò kúrò, á máa lé e bá. Tó o bá fẹ́ kó yá, wá páálí tó nípọn, gé ojú ihò kan sí i tó bá òbìrìkìtì náà mu wẹ́kú, fi fóìlì wé páálí náà kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba inú rẹ̀ kọjá, tẹ́ ẹ sórí tábìlì kí ihò rẹ̀ bọ́ sórí òbìrìkìtì, kí oòrùn wá máa wọlé síbẹ̀. Máa ṣí páálí wò lóòrèkóòrè. Kí ihò náà má tóbi ju òbìrìkìtì lọ o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá fa òrùka dúdú yí i ká, iṣẹ́ á di méjì.

Tó bá wá di dandan kó o fá a, bí àwọ̀ yìí ṣe tín-ín-rín tó máa yà ọ́ lẹ́nu. UV kì í wọ inú igi ju nǹkan bí 75 máíkírómítà lọ, ìyẹn ò sì tó bí bébà ìwé ṣe nípọn. Ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí ń wọlé dé nǹkan bí 200 máíkírómítà, ìdá márùn-ún mílímítà kan. Ìfági tó mú, kó lọ kó bọ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, o ti kan pupa. Tó bá jẹ́ igi gidi láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò séwu. Tó bá jẹ́ èépá igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó olówó pọ́ọ́kú, ṣọ́ra, torí òmíràn nínú wọn ò nípọn tó mílímítà kan. Àti pé lọ́jọ́ tó o bá fá a tán, lọ́jọ́ yẹn náà ni ṣíṣú rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀.

DídánNiTèmi, mo rí ọ. Mo ń bọ̀ wá bá ọ sọ̀rọ̀ lórí agolo UV yẹn.

ỌmọAláyùn:

Ọ̀gá, mo gbọ́ o. Mo lọ yí àga padauk tèmi dojú délẹ̀. Mo ti fẹnu mọ́.

Aṣọ́hunÀtijọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú àga àti àpótí àtijọ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni a sì ń bá jà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ọ̀gá.

Lórí gíláàsì: òótọ́ ni wọ́n sọ fún Àǹtí, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Gíláàsì fèrèsé lásán ń dí èyí tó le jù nínú UV, ìyẹn èyí tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bí 310 nánómítà. Láti ibẹ̀ lọ dé 400, apá tí wọ́n ń pè ní UVA, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń kọjá wọlé. Gíláàsì alápapọ̀, èyí tó ní ike láàárín bíi ti iwájú mọ́tò, ń dí èyí tó pọ̀ jù títí dé bíi 380. Ẹ lè rí ike tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fèrèsé náà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ó wúlò gan-an, mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n lò ó, ṣùgbọ́n gbogbo ìmọ́lẹ̀ búlúù ṣì ń wọlé, ọ̀gá sì ti sọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún padauk.

Ní tiwa, a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí UV ju 75 microwatt lọ lórí lumen kan (microwatt ni ìwọ̀n agbára UV, lumen ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí iná ń tú jáde), ìyẹn ni ìwọ̀n tí àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti ń lò tipẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń fẹ́ kó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún aṣọ àti àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà olómi yà, 50 lux nìkan (lux ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan). Fún igi, a lè gbà á dé nǹkan bí 200 lux. Ẹ wá wo oòrùn ọ̀sán gangan: ó lè tó 100,000 lux. Ìyẹn ni pé wákàtí kan péré nínú oòrùn tó mú bẹ́ẹ̀ kó ìmọ́lẹ̀ tó máa gba igi ní 500 wákàtí lábẹ́ iná tiwa, a ò sì tíì ka UV orí rẹ̀ mọ́ ọn. Tí tábìlì bá wà lẹ́bàá fèrèsé, ibi tó wà yẹn ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ju ohunkóhun tí Àǹtí fi kùn ún lọ. Aṣọ fèrèsé tó nípọn, tí wọ́n ń fà lọ́sàn-án, á ṣe ju agolo fáníìṣì mẹ́ta lọ.

Ẹnì kan máa béèrè lórí gílóòbù LED, torí gbogbo èèyàn ló ń béèrè. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ní UV. Ní ti UV, ẹ fi ọkàn balẹ̀.

ÌyáÀpótí:

Ẹ ṣé gan-an o, ọ̀gá. Ọlọ́run á máa fún yín ní okun. Mo lọ, a dojú tábìlì délẹ̀, mo sì ha ibi díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú wọn. Oníbàárà mú èépá yẹn dání, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, ó ní ṣé igi kan ṣoṣo nìyí. Wọn ò béèrè owó mọ́. Ohun tí wọ́n wá ń béèrè báyìí ni bí wọ́n ṣe lè mú kí gbogbo rẹ̀ padà pupa, kó sì máa pupa lọ títí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n béèrè lọ́wọ́ yín kí n tó ṣèlérí kankan.

Wọ́n tún mú mi lọ sẹ́yìnkùlé lọ wo bẹ́ńṣì ìrókò kan tí ẹlòmíràn kàn fún wọn. Kò kun nǹkan kan sí i. Èyí ò ṣú o. Ó ti di àwọ̀ eérú, ó funfun láwọn ibì kan, dúdú sì ti yí gbogbo orí ìṣó rẹ̀ ká. Ṣé UV náà nìyẹn? Ẹ̀yin lẹ sọ pé ìrókò ń lọ sí rúsúrúsú.

ÀgbàAfági:

Ó dára kó o má ṣèlérí, torí kò sí ohun tó lè mú kí padauk máa pupa yòò títí, àyàfi kí wọ́n gbé e sínú òkùnkùn. Ẹni tó bá fẹ́ pupa tí kì í yí, kó kun ọ̀dà.

DídánNiTèmi, ó kàn ọ́. Mi ò sọ pé fáníìṣì UV ò wúlò. Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn. Èkíní ń mu UV, á sọ ọ́ di ooru, kó tó dé ara igi. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní HALS, kì í mu UV rárá. Ó ń pa àwọn èérún tó ń fò káàkiri lẹ́yìn tí UV bá ti já nǹkan, kí wọ́n má baà máa já òmíràn. Àwọn méjèèjì ń dáàbò bo fáníìṣì fúnra rẹ̀ kó má tètè sán, kó má sì tètè ṣí kúrò lára igi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wúlò jù, nínú òjò àti oòrùn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń mu UV nílò kí fáníìṣì nípọn kó tó ríṣẹ́ ṣe, ìkùn méjì tín-ín-rín ò tó. Bó bá sì nípọn bí ó ti wù kó nípọn, fáníìṣì tí ojú ń rí igi lábẹ́ rẹ̀ ti jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá nìyẹn. Padauk á ṣú lábẹ́ rẹ̀. Á pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Bóyá àwọn igi tí ìwọ ń lò kì í yí púpọ̀, tàbí kí àwọn oníbàárà rẹ má gbé ìkòkò lé nǹkan.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó dán an wò fúnra rẹ̀, kò ná èèyàn ní nǹkan kan. Gé pákó padauk tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Fi fáníìṣì UV kun ìdajì rẹ̀, fi fáníìṣì lásán kun ìdajì kejì. Ta fóìlì yí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ká láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó bo díẹ̀ lára ìdajì méjèèjì. Fóìlì ni o, bébà ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá. Kọ ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, gbé e sójú fèrèsé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fa fóìlì náà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìka kan. Nígbà tó o bá ṣí i tán, wàá rí àwọ̀ náà bó ṣe ń rìn ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, ti ọ̀tún àti ti òsì. Mo ní irú pákó bẹ́ẹ̀ fún gbogbo igi tí mo ń lò, wọ́n wà lórí ìṣó lára ògiri, òun ni mo ń fi han oníbàárà kó tó yan igi. Àbúrò mi, ìwọ náà ṣe tìrẹ. Ẹni tó bá ti rí i kó tó sanwó kì í bínú lẹ́yìn.

Ti ìrókò ẹ̀yìnkùlé yàtọ̀ torí pé òjò ń rọ̀ sí i. Nínú ilé, lignin tí UV bà jẹ́ kò níbi tó ń lọ, orí igi ló ń jókòó sí, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣú. Níta, omi ń yọ́ ọ, òjò ń ṣàn án lọ. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù lójú igi ni cellulose, ó sì funfun. Àwọ̀ eérú tó o rí lórí rẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn olú tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí ní ẹyọ ẹyọ, èyí tó wọ́pọ̀ jù ń jẹ́ Aureobasidium pullulans. Ojú igi nìkan ni wọ́n ń gbé, wọn kì í jẹ igi náà rà. Ẹ má bẹ̀rù pé bẹ́ńṣì á jẹ tán o. Igi tó le máa ń ṣófò ní nǹkan bíi mílímítà mẹ́ta lójú oòrùn àti òjò láàárín 100 ọdún.

Dúdú orí ìṣó kì í ṣe ọ̀rọ̀ oòrùn rárá. Irin, omi, àti èròjà inú igi kan tó ń jẹ́ tannin ló pàdé. Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣe ìyẹn, ó lè ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn biribiri. Oxalic acid tí wọ́n pò mọ́ omi á ṣí i kúrò, á sì tún ojú igi tó ti di eérú ṣe pẹ̀lú. Májèlé ni, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fọ igi náà dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá yọ ìṣó onírin yẹn, kí wọ́n fi èyí tí kì í dógùn-ún rọ́pò rẹ̀, dúdú á padà.

DídánNiTèmi:

Ọ̀gá, ẹ ti dé mi mọ́lẹ̀. Mo gbà. Kí wá ni kí wọ́n kun bẹ́ńṣì yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ kó má di eérú mọ́?

ÀgbàAfági:

Ohun tó láwọ̀ nínú. Àwọ̀ tí wọ́n ń rí láti ara iron oxide, èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná débi pé ojú ṣì ń rí igi lábẹ́ rẹ̀, ń gba UV, ó sì ń gba lára ìmọ́lẹ̀ búlúù pẹ̀lú, ohun tí fáníìṣì tó mọ́ gaara kò lè ṣe. Á mú ìrókò pupa tàbí kó mú un rúsúrúsú díẹ̀, ìyẹn ni owó orí rẹ̀. Kí wọ́n tún un kùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti ṣí. Tí igi bá ti di eérú lábẹ́ rẹ̀, ojú igi náà ti kú, kò sí ohun tó máa lẹ̀ mọ́ ọn, àfi kí wọ́n fá a. Tó bá jẹ́ tèmi ni, màá jẹ́ kó di eérú. Ìrókò eérú níta ò burú lójú mi.

ÌyáÀpótí:

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Páálí àti fóìlì ti wà lórí tábìlì wọn báyìí. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: tó bá wá di pé wọ́n fẹ́ kí n fá a lóòótọ́, ṣé ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún nítorí purpleheart tó wà létí?

ÀgbàAfági:

Ó wà. Lẹ́búlẹ́bú padauk. Tó o bá ti fi sáńdípépà ha á tán, má fi aṣọ tó ní spírítì nù ún. Ọtí ni spírítì, ọtí sì ń yọ́ santalin, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ́ ọ, nítorí náà spírítì á fa pupa wọ inú igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì ní jáde mọ́. Tí purpleheart ò bá fi í hàn púpọ̀, igi funfun á fi í hàn. Fáníìṣì shellac náà ní ọtí nínú, má fi ṣe ìkùn àkọ́kọ́. Fi ẹ̀rọ fa lẹ́búlẹ́bú náà kúrò, kó o wá kun fáníìṣì olómi rẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, láti orí purpleheart bọ̀ sórí padauk. Má ṣe fa búrọ́ọ̀ṣì láti orí padauk lọ sórí purpleheart.